Okùn Àwọ̀n Abẹ́ Ẹ̀rọ Ìkórè

Ẹ̀gbọ́n mi Máutìn,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ti padà sídìí ẹja yíyan.

Ẹ̀rọ ìkórè àtijọ́ Bàbá ló ń yọ wá lẹ́nu. Ẹ rántí pé ẹnu tó fi ń gé ìrẹsì máa ń gbéra sókè sódò fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣe rí. Lọ́dún yìí, tí ìrì bá ṣì wà nílẹ̀, á ki ẹnu bọ erùpẹ̀. Tí oòrùn bá ràn, á dára. Mẹkáníìkì ní ká ra sẹ́ńsọ̀ tuntun, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Mo kọ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Okùn àwọ̀n lẹ fi so irin kékeré tó ń wọn ilẹ̀, kí ẹ tó lọ. Okùn náà ti gbó. Bó bá ti tutù, á dẹ̀, irin kò sì ní sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ mọ́.

Kókó tí ẹ ta sí okùn náà ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ so ó. Mo rántí etí ọ̀sà Ajido, níbi tí ẹ ti kọ́ mi ní kókó àwọ̀n títa, bí ẹ ṣe ń gbá mi lọ́wọ́ tí mo bá ta tèmi lódì.

Mo ti fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀, ó ń gé dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n, ara Bàbá kò le mọ́. Dókítà ní ká má fi nǹkan kan falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé kí ìkórè tó parí. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀.

Mo fẹ́ sọ okùn náà nù, Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n bá wọn tú kókó rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ta á ni yóò wá tú u.

Àbúrò yín,
Sẹ̀nàmí