Òkúta Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọ́

Datcha,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kínní, 2025.

Pascaline, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù ọyẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kì í mú yín ní Lomé bí ó ti ń mú wa níhìn-ín. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ikọ́ tí ò ń hú nígbà Kérésìmesì ti lọ? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, kí o sì ti jẹun kí o tó ṣí i, nítorí mo mọ̀ ọ́. Àwa náà wà dáadáa. Bàbá rẹ André ń kí ọ. Ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀, síbẹ̀ kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Pascaline, mò ń lọ! Kí n tètè sọ ọ́ kí o má baà máa wá a kiri nísàlẹ̀ ìwé. Mò ń bá yín lọ sí igbó ńlá tí ìjọba ń ṣọ́ ní Fazao. Orí òkìtì òkúta mi ni mo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí awakọ̀ fi ìwé rẹ lé mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kà á kí n tó nu eruku ojú mi. Pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń parí ẹ̀kọ́ òkúta lọ́dún yìí mú òbí kan dání! Pé a ó sùn lọ́jọ́ méjì ní ẹsẹ̀ òkè! Pé omi ń ti orí àpáta já bọ́, pé erin sì wà nínú igbó náà! Èmi tí n kò kọjá Blitta rí láyé mi.

Nígbà tí mo sọ fún Grâce, tí a jọ ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo fọ́ òkúta láti ọjọ́ yìí wá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ju òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Élisabeth, o fẹ́ fi òkúta sílẹ̀ lọ wo òkúta? Kí àwọn tó ń lọ wò ó yẹn wá síbí o. A ó jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn, a ó tilẹ̀ fún wọn lóòlù." Bàbá rẹ ní tirẹ̀ béèrè ta ni yóò máa gún iyán fún òun. Mo ní Ọlọ́run fún òun náà lápá méjì. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹmu pé ìyàwó òun fẹ́ lọ kọ́ àwọn ará yunifásítì níṣẹ́. N kò rán an o.

Ní báyìí, kí n sọ òótọ́ kan fún ọ. Ọ̀rọ̀ orúnkún dídùn tí mo sọ lórí fóònù nígbà tí o kọ́kọ́ pè mí sí ìrìn yìí, irọ́ ni. Orúnkún mi le ju tìrẹ lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ni pé bí mo bá pè ọ́, ìwọ yóò bú sẹ́kún, èmi náà yóò bú sẹ́kún, ta ni yóò wá parí ọ̀rọ̀ náà?

Ní ọdún tí o wọ yunifásítì, o fi àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ nínú àpótí aṣọ rẹ. Ìborùn mi ni mò ń wá tí ọwọ́ mi fi bà wọ́n. O ti gbàgbé pé Sístà kọ́ wa ní ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Faransé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìyẹn í kà. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ ìyá rẹ, o kọ ọ́ pé mò ń ṣòwò. Kí ni mò ń tà, Pascaline? Ṣé eruku ni? Ó dùn mí gan-an. Mo dá ìwé náà padà síbi tí mo ti rí i, mo pa ẹnu mọ́, láti ìgbà náà ni n kò sì ti fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa yunifásítì rẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni.

Ọjọ́ Àjíǹde èṣí wá dé, tí ìwọ àti olùkọ́ rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Michel, yà kí wa. O sọ fún un pé àlùbọ́sà ni mò ń tà. Mo ti rí i pé o gbé òòlù mi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi, èmi náà sì gbè ọ́ lẹ́yìn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àlùbọ́sà ni. Ni ọkùnrin náà bá bi mí pé èló ni àpò kan báyìí. Háà! Mo ní ìyẹn wà lọ́wọ́ bí àpò náà bá ṣe ga tó. Bàbá rẹ sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ rẹ́rìn-ín.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, à bá ti mú un jẹ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ mú òkúta kan nílẹ̀ ní àgbàlá wa, ó ń fi òòlù kékeré rẹ̀ lù ú, etí rẹ̀ nìkan ló ń rún dànù. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí òkúta náà sí bí iṣan rẹ̀ ti lọ, mo kàn án díẹ̀ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, mo wá lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó là sí méjì bí obì. Ọ̀gbẹ́ni Michel wo òkúta, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, àlùbọ́sà yín le o." Ìwọ wolẹ̀, èmi náà wolẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé iyanrìn etí omi ni òkúta náà nígbà kan rí, kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé, àti pé àwọn òkè wa níhìn-ín àti àwọn ti Fazao bá ara wọn tan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wí fún Grâce pé etí òkun là ń fọ́ láti àárọ̀ ọjọ́.

N kò bínú sí ọ mọ́, ọmọ mi. Àwa méjèèjì la jọ ta àlùbọ́sà yẹn. Mo sì mọ ohun tí ojú rẹ rí ní ilé ìwé níhìn-ín, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń pè ọ́ ní ọmọ eléruku, tí o ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ṣùgbọ́n o ti kúrò lọ́mọdé báyìí.

Mo ti ń múra o! Mo ti yan ẹ̀pà, mo ti ra ẹja gbígbẹ tí wọ́n kó wá láti Nangbéto, gàrí sì wà nílẹ̀. Grâce yá mi ní bàtà kánfáàsì ọmọ rẹ̀, mò ń wọ̀ ọ́ rìn káàkiri àgbàlá kí ẹsẹ̀ mi lè mọ̀ ọ́n, àwọn adìyẹ ń sá fún mi. Mo ka ìwé òfin igbó náà tí o fi ránṣẹ́: a kò gbọdọ̀ fọ́ òkúta ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú ọ̀kan wálé. Nítorí náà, òòlù mi yóò dúró ti bàbá rẹ nílé. Ṣé o mọ̀ pé láti ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì wo òkúta kan rí kí n má ronú ibi tí n ó ti lù ú? Mo fẹ́ mọ bí ó ti ń rí kí èèyàn kàn wò ó. Inú mi ń dùn débi pé oorun kò kùn mí.

O ní kí n gun alùpùpù zẹ́mì lọ dúró dè yín ní ibùdókọ̀ Atakpamé. Rárá o. Ọkọ̀ yín láti Lomé yóò kọ́kọ́ gba iwájú òkìtì òkúta mi kọjá, níbẹ̀ ni n ó dúró. N ó ti wẹ̀, n ó ti ró ìró tuntun, Grâce yóò sì wà níbẹ̀ láti juwọ́ sí wa. Sọ fún awakọ̀ kí ó má sáré kọjá.

Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àlejò tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé rẹ, ó wà nínú ìwé yìí. O kọ orúkọ mi, o kọ ìlú mi, o kọ ọjọ́ orí mi (o fi ọdún méjì kún un, a ó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn). Níwájú "iṣẹ́", o kò kọ nǹkan kan. Mo wo ibẹ̀ pẹ́. Mo mú bírò, mo fẹ́ kọ ọ́ fúnra mi, mo tún gbé bírò sílẹ̀. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n kọ ọ́. Ohunkóhun tí o bá kọ síbẹ̀, n ó ṣì dúró létí títì lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé tìrẹ ni mo fẹ́ rí níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó to àwọn òkè sípò wọn gbé ọ kalẹ̀ sípò tìrẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. O ó parí ẹ̀kọ́ rẹ pẹ̀lú ayọ̀, ojú mi yóò sì rí i.

Èmi ni ìyá rẹ tí ó ń ka ọjọ́,
Élisabeth.

Mo tún rántí: bàbá rẹ sọ pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú "iṣẹ́" ti kéré jù. Kò kéré. Mo kọ ọ́ sórí bébà mìíràn, mo gbé bébà náà lé àyè yẹn, mo fi wọ̀n ọ́n. "Ó ń fọ́ òkúta." Ó gbà á, àyè tún ṣẹ́kù.