Màmá Theresa Títílọpẹ́ Ọlábímtán (1948–2025): Olùkọ́ Tó Padà Kọ́ Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ̀rá Ara

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1948 ni a bí Màmá Theresa Títílọpẹ́ Ọlábímtán sí ìlú Iyah-Gbede ní ilẹ̀ Ìjùmú, sínú ìdílé olóògbé Pa Jethro Bólúwadúró, àgbẹ̀ oníṣu, àti Màmá Monica, ìyàwó rẹ̀. Oko iṣu ni Màmá dàgbà sí. Títí di òpin ayé wọn, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn yan iṣu.

Ìlú wọn ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà, kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Kabba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Moses Ọlábímtán, òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1971, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Philip, Ọmọ́níyì àti Moyọ̀sọ́rẹ. Bàbá ti sùn nínú Olúwa ní ọdún 2009.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Kabba lónìí ló jẹ́ pé ọwọ́ Màmá ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ tí kò ní ṣá. Ohun tí Màmá bá sọ nípa oúnjẹ, abẹ ti gé e. Àwa ọmọ wọn mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé a kò rójú jẹ búrẹ́dì lásán nínú ilé yẹn.

Nídìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí náà ni Màmá ti ṣàṣìṣe tó dùn wọ́n jù láyé, àwọn fúnra wọn ló sì pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ síbí. Ní ilé wa, ọmọ tó bá gún iyán ló ni èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọmọ odó. Ní ọdún 1988, Moyọ̀sọ́rẹ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì sanra. Màmá pinnu pé àjẹjù ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí àwo tí àwa yòókù ti ń jẹun pọ̀, wọ́n fún un ní àwo kékeré tirẹ̀, wọ́n sì fi òfin de ẹnu ọmọ odó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń gún iyán náà. Ebi pa ọmọ yìí gan-an, síbẹ̀ kò rù. Nígbà tó kúrò nílé ní ọdún 1997, ó máa ń wá kí wa bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa, á sọ pé "Okun o," á jókòó, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ kankan nílé ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní ọdún 2012, dókítà obìnrin kan wá bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rá ara máa ń ṣe ohun kan tí à ń pè ní léptìnì. Léptìnì á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ láti jíṣẹ́ pé ohun tó wà nípamọ́ ti tó, kí ebi rọlẹ̀, kí ara sì máa jó ọ̀rá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra, léptìnì pọ̀, àmọ́ ọpọlọ kì í gbọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Bí a bá wá ń fi ebi pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, léptìnì á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á rò pé ìyàn ti mú, ebi á le sí i, ara á sì di ọ̀rá rẹ̀ mú pinpin. Dókítà ní ohun mìíràn náà wà tó ń fa sísanra, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé iṣu méjì, odó àti ọmọ odó wọkọ̀ lọ sí Makutu, níbi tí Moyọ̀sọ́rẹ ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, wọ́n gún iyán fúnra wọn, wọ́n sì na ẹnu ọmọ odó sí ọmọ wọn.

Moyọ̀sọ́rẹ ní, "Màmá, mo ti dàgbà jù fún èyí."

Màmá ní, "Mo mọ̀. Tìgbà yẹn ni mo gbé wá."

Ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń lọ káàkiri àwọn ilé ìwé, láti Òkè-Bùkún dé Mopa, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n mú ọmọ tó sanra lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n má ṣe bú u, kí wọ́n má sì ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá jiyàn á gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí léptìnì títí ẹsẹ̀ á fi ro ó.

Nígbà tí àìsàn dé, oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Moyọ̀sọ́rẹ ló ń gún iyán, ẹnu ọmọ odó sì ni ìwọ̀nba tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2025, tí wọ́n sinmi.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, àwọn aya àti ọkọ ọmọ sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ méje, tí Fìyìnfólúwa, Tiwalọlá àti Praise wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa sin Màmá, ẹ ó rí i pé àwo ńlá la gbé iyán sí lónìí. Ìfẹ́ wọn nìyẹn. Ẹ sinmi re, Màmá. Kò sí àwo ọ̀tọ̀ mọ́ nílé yín.