Ṣòkòtò Funfun Tí Ẹ Gbà Lọ́wọ́ Mọ́mì

Dádì mi àtàtà,

Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ nísinsìnyí, mi ò ní kọ ọ́ mọ́.

Ní Sátidé, Mọ́mì ní kí n kó ẹrù kíríkẹ́ẹ̀tì yín, pákó àti aṣọ funfun tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, lọ fún ẹgbẹ́ yín, pé fúlàátì wa ní Peckham ò gbà á mọ́. Òyìnbó àgbàlagbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé wọ́n jẹ́ kí ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù títí àìsàn fi dé. Ó ní:

“Bàbá rẹ ò gbá bọ́ọ̀lù kankan láti ìgbà tó ti ojú ogun dé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó kàn ń bá wa kọ àmì ayò sílẹ̀ ni.”

Ọdún mẹ́sàn-án, Dádì! Ẹ̀yin ọ̀gá sójà, ẹ̀yin tí ẹ kì í gba kọ́bọ̀ nídìí eré yìí, kí lẹ ń purọ́ fún? Gbogbo Sunday lẹ ń wọ funfun jáde. Bí ẹ bá dé, ẹ ó ròyìn bí ẹ ṣe gbá a, Mọ́mì á pàtẹ́wọ́, ẹ ó sì lọ fọ ṣòkòtò yín fúnra yín ní balùwẹ̀. Ta lẹ ń tàn? Ṣé àwa ni, àbí ara yín?

Mo délé, mo sọ fún Mọ́mì. Wọn ò dáwọ́ iṣu tí wọ́n ń bẹ dúró.

“Mo mọ̀. Kí dádì rẹ tó lọ sógun, èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò yẹn, àbàwọ́n koríko kì í tán lára rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, kí n má baà rí i pé kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀ mọ́, ni mo ti mọ̀. Ó wù wọ́n kí n pàtẹ́wọ́, mo sì ń pàtẹ́wọ́.”



Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé pákó yín wá bá yín, pé kí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dì í mú? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ ní kí n lọ kàwé. Mo rò pé nítorí mo jẹ́ obìnrin ni. Mo di yín sínú títí ẹ fi kú. Ní ọsibítù, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, tí mò ń wo fóònù.

Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú báyìí, ní Stockwell. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ mu tíì, mo máa ń fi ọwọ́ mi bo tiwọn títí wọn ó fi mu ún tán. Kò le rárá, Dádì. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n di tiyín mú?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.