Ẹyẹ Inú Igi Ìdáná Nna Ferroudja

                                                  Tala Ouzrou,
                                                  Lójú ọ̀nà Kherrata,
                                                  Béjaïa, Algeria.
                                                  Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, ọdún 2019.

Ouardia, ọ̀rẹ́ àtàárọ̀ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le dáadáa? Eyín tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà ààwẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kó o sùn? Báwo ni ọkọ rẹ, ṣé iṣẹ́ èbúté kò tíì sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ti arúgbó? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí kékeré tó máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó dùn? Mo gbọ́ pé ooru Oran ti ń mú yín bí ẹni tó wà lẹ́nu ààrò. Ẹ máa rọra o. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, atẹ́gùn òkè kò tíì fi wá sílẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́ ti ń wú lórí igi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ sì ń kí yín.

Ìyá rẹ, Nna Ferroudja wa, le koko bí igi ólífì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, torí pé wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó di pé mo dé ìdajì, òun sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ tán ná.

O rántí pé nígbà òtútù mo sọ fún ọ pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa rìn káàkiri igbó Adrar Oumellal, kí n máa kọ ibi tí àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́ láyé ṣì wà sílẹ̀: igi firi wa, àwọn ọ̀bọ, àti pàápàá jù lọ ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú tó máa ń sọ̀kalẹ̀ lára igi pẹ̀lú orí nísàlẹ̀. Ẹyẹ náà kò sí ní orílẹ̀-èdè mìíràn àfi tiwa yìí, inú igbó díẹ̀ ló sì kù sí. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Àwa tí a dàgbà sínú igbó, ta ni kò ní mọ ẹyẹ?

Ouardia, kò sẹ́ni tó mọ ẹyẹ. Gbogbo ẹni tí mo bi ló di afọ́jú. Nna Melaaz, ìyá àgbà tó ti ń ṣẹ́gi nínú igbó yẹn kí wọ́n tó bí wa, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹyẹ máa ń gbé inú igbó. Ìyá rẹ ní adìyẹ nìkan ni ẹyẹ tí òun mọ̀, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ kọ orúkọ adìyẹ òun sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá.

N kò bínú, torí mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. O mọ abúlé òdìkejì àfonífojì, níbi tí àbúrò obìnrin Dda Mokrane ti lọ́kọ. Wọ́n rí ẹyẹ náà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti gbogbo igbó wọn pa. Ewúrẹ́ kò wọlé mọ́, obìnrin kò ṣẹ́gi mọ́, gáàsì ni wọ́n ń fi ìbaaka rù gun òkè nínú yìnyín. Ta ló fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun?

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Si Azzedine wá láti ọ́fíìsì igbó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó tẹ́ máàpù kan sílẹ̀ ní ilé ìpàdé níwájú àwọn ọkùnrin. Àwa obìnrin dúró lẹ́bàá fèrèsé níta bí a ti máa ń ṣe. Ìlà pupa kan yí gbogbo igbó wa po, ó gba pápá ewúrẹ́, ó gba ọ̀nà, ó sì gba orísun omi pàápàá. Ariwo sọ. Ohùn ìyá rẹ ló gba ojú fèrèsé wọlé, tó bo ti gbogbo àwọn tó jókòó mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Si Azzedine, ta ló sọ fún yín pé ẹyẹ yín wà nídìí omi wa?"

Si Azzedine ní, "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, Nna. Ohun tó ń dààmú wa gan-an nìyẹn. Ibi méjì péré la ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì ti pẹ́. A ò mọ ibi tó wà, a ò sì mọ ibi tí kò sí. Bí ọmọ ìkókó bá sùn sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tẹ́ ò mọ apá ibi tó wà, ibo lẹ máa gbẹ́sẹ̀ lé?"

Ìyá rẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Ó ní, "Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Àwa náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, Nna. Ìlà pupa yìí nìyẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. Mo ní ìlà yẹn, àwa la fi ẹnu wa tí a pa dé fà á. Dda Mokrane tó ń darí ìpàdé ní mo fẹ́ ta igbó fún ẹyẹ, ẹlòmíràn ní ilé ìwé gíga ló bà mí jẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, mo sì bẹ Si Azzedine pé kó fún wa láyè ká fẹsẹ̀ ara wa wá ẹyẹ náà. Si Azzedine wá gbà pé òun yóò fi máàpù náà sílẹ̀ láìfọwọ́ sí i títí di ìparí oṣù Kẹfà, àti pé ohun tí a bá kọ sílẹ̀ láàárín ìgbà náà ni òun yóò fi tún un yà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi rí ìyá rẹ lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò búrẹ́dì.

"Wọ bàtà rẹ. Mò ń bá ẹ lọ."

Inú mi dùn. Mo ní, "Nna, ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́?"

"Rárá o. Mo fẹ́ rí i dájú pé o ò fi àmì kankan sórí pápá ewúrẹ́ mi ni."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. A ó rìn díẹ̀ lórí òkè, a ó dúró, a ó dákẹ́, a ó tẹ́tí. Bí a bá gbọ́ ẹyẹ náà, màá fi àmì sí ibẹ̀ lórí fóònù. Bí a kò bá gbọ́ ọ lẹ́yìn tí a bá ti lọ tí a sì padà, màá fi àmì pé kò sí. Dídúró yẹn kò yé ìyá rẹ rárá. Ó ń bi mí bóyá wọ́n ń sanwó fún mi láti di òpó. Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ̀ pé àmì "kò sí" náà níyì lọ́fíìsì bíi ti "ó wà", ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Á nàka sí ibi orísun omi, á ní, "Kọ ọ́: kò sí. Kọ ọ́ gàdàgbà." Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin yòókù fi darapọ̀ mọ́ wa. Nna Melaaz ṣàdédé rántí pé òun mọ ẹyẹ, òun tilẹ̀ mọ ohùn rẹ̀ sín, ó sì sín in tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ náà dá a lóhùn láàárín àwọn igi firi. Orí òkè tente àti inú kòtò jíjìn la ti ń rí wọn. Ní ìsàlẹ̀, kò sí. Gbogbo wa ń dún bíi kòkòrò oyin tó rí òdòdó.

Ó kù díẹ̀ ká parí iṣẹ́ ni a jókòó jẹun lábẹ́ igi óákù gbígbẹ tó wà lókè pápá ìyá rẹ, èyí tí àrá sán pa lọ́dún ìgbéyàwó rẹ. Ó ti fi ẹfun sàmì sí i pé igi ìdáná òun fún òtútù tó ń bọ̀ nìyẹn, ọmọ Dda Mokrane sì ti ṣèlérí láti gbé ẹ́ńjìnnì agégi wá. Búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu mi tí mo gbọ́ ohùn kan lórí wa. Mo gbójú sókè. Òun ló ń bọ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, kòkòrò lẹ́nu. Ó wọ ihò kan lára igi náà, a sì gbọ́ igbe àwọn ọmọ nínú ibẹ̀.

N kò mú fóònù jáde. Ẹyẹ náà lọ, ó tún padà.

Ìyá rẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Nna."

"Ó kéré."

"Ó kéré lóòótọ́."

"Èyí tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ yìí?" Ó wò ó títí. "Tó o bá kọ ọ́, pápá mi lọ nìyẹn."

"Nígbà ìrúwé ni, títí àwọn ọmọ á fi fò."

"Tó ò bá wá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ti mọ̀, Nna. Wọ́n á gé igi yín fún yín."

Ẹyẹ náà tún jáde, ó dorí kodò lára igi lójú wa. Ni ìyá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, èyí tó máa ń mi èjìká rẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu. "Wo aláìnítìjú. Nínú gbogbo igi tó wà nínú igbó yìí, igi ìdáná mi ló rí." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Kọ ọ́. Kó o kọ orúkọ mi sí i, kí wọ́n má lọ rò pé ti Melaaz ni."

Mo kọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ojú mi rin díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó rí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Si Azzedine mú máàpù tuntun dé. Ìlà pupa ti sún lọ sókè, ó yí àwọn igi firi àti kòtò ká, ó sì fi abala kékeré kan sí ìdí igi ìyá rẹ. Orísun omi di tiwa, ọ̀nà di tiwa, igbó ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igi gbígbẹ tó bá ṣì dúró nínú ìlà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e, ṣùgbọ́n èyí tó bá wó ní ìsàlẹ̀, kí obìnrin máa kó o lọ. Dda Mokrane ka máàpù náà lókè, ó tún un kà, ó sì ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á dára. A jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará òdìkejì àfonífojì ti ránṣẹ́ pé ká wá bá wọn rin igbó tiwọn náà.

N kò ní purọ́ fún ọ pé kò ná ìyá rẹ ní nǹkan kan. Wàrà ewúrẹ́ rẹ̀ dín kù, torí orí ilẹ̀ Nna Melaaz ni wọ́n ti ń jẹko ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ fi wà nínú ihò, ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Dda Mokrane ti já ẹrù igi ólífì sí àgbàlá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ ń lọ jókòó lókèèrè pẹ̀lú ọ̀pá, tó ń lé ológbò. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ránṣẹ́ pè wá pé wọ́n ti ń jáde. A bá a níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi èyí tó kẹ́yìn. Á yọjú, á padà. Ìyá ẹyẹ náà dúró lórí ẹ̀ka pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu, kò sì gbé e wá fún un. Ìyá rẹ sọ fún ìyá ẹyẹ náà pé kó má dá a lóhùn, pé bí òun ṣe mú ìwọ náà jáde nílé nìyẹn. Nígbà tó yá, ọmọ náà fò. Kò fò jìnnà. Ó já lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé èjìká. Ìyá rẹ kò mí. Kò sọ̀rọ̀. Ouardia, mo ní ìyá rẹ kò sọ̀rọ̀. Ẹyẹ náà sinmi níbẹ̀, ó wò yí ká, ó sì fò lọ bá ìyá tirẹ̀.

Ìyá rẹ ń wò ó lọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó jẹ́ pé èmi tí mo sún mọ́ ọn nìkan ló gbọ́. Ó ní, "Ó fi mí ṣe igi."

Ó ní kó o kó àwọn ọmọ wá nígbà tí ọ̀pọ̀tọ́ bá pọ́n. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kó o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, pàápàá agbafóònù yẹn. Nna Melaaz kí ọ, ó ní kó o má gba gbogbo ohun tí ìyá rẹ bá sọ nípa ewúrẹ́ gbọ́. Ó ṣòro láti bá ìyá rẹ jiyàn ní abúlé yìí báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ohùn sókè sí i, ohun tó ń bi í ni pé, "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Igi ni mí."

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀nà jíjìn kò yí padà,

Zahoua.