Ohun Tí Ẹ Kọ sí Abẹ́ Fóòmù

Màmá Tìmùtìmù mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún mẹ́ta. Mo lérò pé orúnkún yín ti ń gbádùn, pé ọmọ yín obìnrin ń tọ́jú yín dáadáa, àti pé kì í ṣe àga oníke ló ní kí ẹ máa jókòó lé. Ara tèmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ibi tí wọ́n ti ń kan àga fún gbogbo ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, orí àpótí ni mo sì ń jókòó.

Ọ̀gá wa lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lè máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ló mú bọ̀. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, a ó dúró yípo, ẹni tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí yóò sọ ohun rere kan nípa ẹni tó jù ú. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹni tó ń kun àga ní Bàbá Ayùn máa ń tètè dé síbi iṣẹ́. Bàbá Ayùn ní, "Báwo lo ṣe mọ̀, ìwọ tí ò ń dé láago mẹ́wàá?" Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́ọ̀lù jábọ́ sínú ìkòkò gọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, òun nìkan ló lẹ̀ mọ́ nǹkan.

Ọ̀gá tún lẹ òwe mọ́ ògiri ọ́fíìsì pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá Ayùn kà á tán, ó wo pẹpẹ tó wà lókè òwe náà. Ó ní òun lòun kan pẹpẹ yẹn, òun sì sọ fún Ọ̀gá nígbà náà pé ó ga jù.

Ẹ̀kọ́ kejì tí Ọ̀gá mú bọ̀ ni búlọ́ọ̀gù. Ojú ìwé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí a ó ti máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wa, tí àwọn oníbàárà yóò sì máa fèsì sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́. Bí ìwé ẹ̀rí pólì mi ṣe ríṣẹ́ ṣe nìyẹn. Mo kọ nípa oríṣiríṣi igi. Èèyàn méjì ló kà á, èmi àti ìyàwó Ọ̀gá. Mo kọ nípa bí a ṣe ń kun àga. Ìyàwó Ọ̀gá ò ka ìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan wá wà tí òjò ń rọ̀, tí ibi iṣẹ́ dákẹ́, mo ń wo tábìlì yín. Mo bá kọ nípa yín. Mo kọ bí ẹ ṣe máa ń kó ìṣó sẹ́nu tí ẹ ó sì tún máa fi ẹnu kan náà bá mi wí, tí n kì í gbọ́ nǹkan kan ju "Akọ̀wé" àti "aláìgbọràn" lọ. Mo kọ nípa orin tí ẹ máa ń kùn nígbà tí fóòmù bá jókòó dáadáa. Mo sì kọ ọ́ pé ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹ̀yin àti Bàbá Ayùn fi kọjú síra láìbára yín sọ̀rọ̀, pé pákó ìjókòó nìkan ló ń bá yín sọ ọ́. Bó bá gé pákó tán, á fi pẹ́ńsùlù kọ tẹnu ẹ̀ sí i, á gbé e sórí tábìlì yín. Ẹ ó kọ èsì yín sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó gbé e padà. Níkẹyìn, ẹ ó fi fóòmù àti aṣọ bo ìjà náà, a ó tà á fún oníbàárà.

Ọjọ́ kẹta, tíṣà kan tú àga ilé rẹ̀, ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Lára pákó náà, Bàbá Ayùn ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gùn díẹ̀. Igi ló fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀yin ẹ dáhùn: "Igi ò lẹ́nu, ìwọ lo lẹ́nu. Lọ gé e." Màmá, ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àga tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń kà á síra wọn létí lórí búlọ́ọ̀gù, lẹ́yìn náà wọ́n ń gbé àga wá kí a bá wọn dí i. Ọ̀gá ní ẹ̀kọ́ náà ti ṣiṣẹ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí gan-an ló kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ rántí Fúráìdé tí Bàbá Ayùn sọ lójú oníbàárà pé ẹ̀yin lẹ ba àga mẹ́fà jẹ́, pé aṣọ lásán lẹ mọ̀ ọ́n kàn. Ẹ ká épírọ́ọ̀nù yín, ẹ lọ. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ wá mú àlùmọ́gàjí yín nínú dúróà, ẹ ò wo ẹnikẹ́ni lójú, àtìgbà náà la ò ti rí yín mọ́.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tú ọ̀kan nínú àga mẹ́fà yẹn. Ohun tó bá níbẹ̀ rèé: "Màmá, èmi ni mo wọn pákó yẹn ṣì. Mo ti lọ sílé oníbàárà, mo ti sọ fún un. Ẹ má bínú. Ẹ kọ nǹkan kan síbí, ó kéré tán, kó jẹ́ èébú."

Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni, Màmá. Kí ẹ tó dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n ti ní kí n bá wọn parí àga náà. Mo rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sára pákó tó wà lórí tábìlì yín. Mo rò pé ìjà àná ni. Ta ló ń ka ìjà yín? Mo kan aṣọ lé e lórí. Bàbá Ayùn dé, ó rí yín tí ẹ ń kúrò nídìí tábìlì, ó rí àga tí wọ́n ti dí pa. Ó gbà pé ẹ kà á, pé èsì yín nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé e sínú. Ẹ̀yin náà sì ti fi ọdún mẹ́ta rò pé kò bẹ̀ yín rárá.

Mo ka ohun tí nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ sí i létí. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ lo kàn án?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó wo fọ́tò náà títí. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti mọ̀. Màmá ò ní kan ìṣó tó wọ́ báyìí."

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, ìparí oṣù yìí ló máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ju ọgọ́rin oníbàárà lọ tó ń bi mí lórí búlọ́ọ̀gù pé, "Màmá dáhùn àbí kò dáhùn?" Mi ò dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn. Nọ́ọ̀sì náà ti gbà kí a fi pákó mìíràn pààrọ̀ tirẹ̀. Pákó tó wà nínú àpò tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí ni ògidì rẹ̀. Àyè pọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ayùn. Bí èébú ni ẹ bá sì kọ, ó sàn ju ìṣó mi lọ.

Ẹ dárí jì mí. Kí orúnkún yín gbé yín lọ gbé yín bọ̀, kí ojú yín má ṣe kọ̀ láti rí ojú abẹ́rẹ́, kí àwọn ọmọ yín má ṣe fi yín sílẹ̀ níbi tí kò sí tìmùtìmù.

Èmi ni ọmọ yín aláìgbọràn,
Akọ̀wé

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé: pẹ́ńsùlù kan wà nínú àpò náà. Bàbá Ayùn ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín pé òun lòun gbẹ́ ẹnu rẹ̀.