Ẹja Tí Kò Gbóòórùn Ilé Mọ́

Àrẹ̀mọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì bí ẹja ńlá ṣe ń gbé kékeré mì. Ara wa le, àfi bàbá rẹ tó fajú ro bí ẹni tí ìyàwó kọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ò tíì kọ̀ ọ́.

Ẹja ló fà á. O mọ̀ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ti inú òkun gòkè wá yé ẹyin sí odò wa. Lọ́dún yìí, wọ́n dé ibi tí ilé iṣẹ́ tuntun tó ń pa aṣọ láró ń da omi sódò, ni wọ́n bá ń pòòyì bí ọ̀mùtí tí kò mọ ojúlé ara rẹ̀ mọ́. Àwọn kan yà sínú gọ́tà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Bàbá rẹ ju àwọ̀n títí, ẹsẹ̀ sálúbàtà kan ló kó.

Obìnrin onímọ̀ ẹja kan wá láti ìlú yín. Ó ní òórùn odò ni ẹja fi ń mọ̀nà ilé, kẹ́míkà inú omi yẹn ló ba imú wọn jẹ́. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn ni, kí wọ́n da òògùn rẹ̀ sómi kó tó di ikọ́. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹja kan lẹ́yìn, ó ní ibi tó bá lọ, òun á mọ̀. Fóònù ni, mo dá a mọ̀. Jọ̀ọ́, gba nọ́ńbà ẹja náà, pè é, sọ fún un pé wọ́n ń retí ẹ̀ nílé. Bí kò bá gbé e, a jẹ́ pé ìwọ lo kọ́ ọ.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wá bá wa ṣèpàdé ní ọgbà ilé ìwé. Ó ní omi àwọn mọ́ ju omi ẹnu wa lọ. Mo ti bu ife kan wá lẹ́nu páìpù tí wọ́n fi ń da omi náà sódò, mo kúnlẹ̀, mo ní kí àlejò wa fi pa òùngbẹ. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ejò lé lọ́wọ́. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èérún búrẹ́dì ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀! Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi bàbá rẹ. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó ní bí kò bá léwu, òun á mu ún fún un. Ó ti gbé e dẹ́nu. Ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀ ló fò dìde, ó gbá ife náà dànù, ó pariwo pé kí bàbá má mu ún o, pé ó máa pa á!

Ó ti sọ ọ́, kò sì rí i kó mọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dí páìpù náà. Onímọ̀ ẹja ní ó máa pẹ́ kí odò tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹja díẹ̀ ti kọjá lánàá. Bàbá rẹ ò ju àwọ̀n. Ó dúró létí omi, ó ń ṣí fìlà fún wọn.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́ ká fi ra sadíìnì. Má sọ fún bàbá rẹ o, ó ti búra pé òun ò ní jẹ ẹja tí òun ò bá pàdé lójúkojú. Màá rún un mọ́ ọbẹ̀, màá ní adìyẹ ni. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ẹni tí á máa fìfẹ́ purọ́ fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.