Iye Kòkòrò Tó Wà Lóko Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mímí ọ̀hún ti ń di iṣẹ́. Olúwa tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní tòògbé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dun àwọn tí àwọn ò fi lè kọ lẹ́tà yìí fúnra àwọn, bí ẹni pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń kọ̀wé.

Kòkòrò ti wọ àgbàdo wa. Kì í ṣe èyí tó ń jẹ díẹ̀ tó ń lọ tí o mọ̀ ní kékeré o. Èyí a máa kó sí àárín gbùngbùn, níbi tí ọmọ ewé ti ń yọ, á jẹ ẹ́ wọnú, ìgbẹ́ rẹ̀ á kún ibẹ̀ bí ìyẹ̀ tó ń dà sílẹ̀ nígbà tí káfíńtà bá ń rẹ́ pákó. Oko yìí sì ni oúnjẹ wa àti irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, o mọ̀ pé a ò ní òmíràn.

O ní kí n ya fọ́tò kòkòrò náà ránṣẹ́. Mo yà á, mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, fóònù ní ó ti lọ. Inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe yíjú padà sí ewé tí mo rí i tó ṣì ń jẹun níbẹ̀. Mo tún fi mẹ́rin mìíràn ránṣẹ́, kò sí ọ̀kan tó kúrò. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù fún ọ nínú yàrá, má bínú, mo rò pé wọ́n á dín kù lóko ni.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko wá kí wa. Oníbúùtù là ń pè é, torí pé búùtù rẹ̀ ò tẹ ẹrẹ̀ rí. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi, ó ní láìsí i, oògùn kòkòrò ò ní jáde ní ilé ìṣúra wọn. Mo gbé gíláàsì sójú, mo kà á. Wọ́n béèrè pé kòkòrò mélòó ni mo rí lóko mi. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé mo búra pé òótọ́ ni mo sọ. Èmi tí mi ò parọ́ fún bàbá rẹ rí àfi lórí ọjọ́ orí mi, ìjọba ni mo máa wá parọ́ fún?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn, láràárọ̀, kí oòrùn tó mú. Èmi poro kan, bàbá rẹ poro kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, mo bá wọn wí, wọ́n ní àwọn dá ojú ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òun. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ni mo bá ní èyí tí a bá ti kà, ká jù ú sínú omi ọṣẹ, ká má baà tún kà á. Ẹyin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, a kàn ń fọ́ ọ ni, torí fọ́ọ̀mù ò béèrè ẹyin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ìdajì oko la kà, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé ogójì.

Oníbúùtù padà dé, ó ní àpótí mẹ́ta péré ló wà lórí fọ́ọ̀mù fún nọ́ńbà náà, nọ́ńbà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n kọ mẹ́sàn-án mẹ́ta síbẹ̀ ká parí ẹ̀. Mo ní mo ti búra. Ó ní fọ́ọ̀mù ò ní lè lọ nìyẹn, oògùn náà ò sì ní jáde. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ló ti wo ẹ̀yìn mi. Ó rí i pé níbi tí a ti kà, ewé tuntun ń yọ lódindi, apá kejì sì ti ya yánnayànna bí àkísà. Ó bi mí pé oògùn wo ni mo fín síbẹ̀. Mo ní a kàn ń kà á ni. Ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde. Ó ní màmá, ẹ jẹ́ ká fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná, ẹ tètè ka ìdajì tó kù kí àgbàdo tó yọmọ.

Ta ló máa kà á? Ẹ̀yìn bàbá rẹ ò tẹ̀ mọ́. Àwọn kéékèèké tó rí bí òwú, ojú mi ò rí wọn mọ́. Mo lè la ewé kan, kí n ní kò sí nǹkan kan, tó bá di ọ̀la ewé náà á ti fàya. Jọ̀ọ́, fi owó ọṣẹ ránṣẹ́ sí wa, àti owó gíláàsì tó lágbára ju èyí lọ. Tí àyè bá sì wà, gbé ojú rẹ gan-an wá. Má fi fọ́tò ránṣẹ́ o, mo ti rí i pé ohun tí wọ́n bá yà kì í kúrò níbi tó wà.

Ohun tí o bá gbìn, kòkòrò ò ní bá ọ jẹ ẹ́. Wàá ṣiṣẹ́ jèrè, ilẹ̀ ò ní mọ́ ọ lójú ẹkún. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo gbàgbé: kíkà ti wọ̀ mí lára báyìí, mo wá ka iye oṣù tó ti kọjá láti ìgbà tí o ti wálé gbẹ̀yìn. Mẹ́tàdínlógún ni. Ìyẹn gba inú àpótí mẹ́ta wọn dáadáa, wọn ò kàn béèrè ni.